Ẹnu Géètì, ní Ìbarà

Èmi ni mo ń ṣí géètì ilé-ìwé Faransé.
Ọmọ ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò:
"Bọ́ńjúù, Bàbá Géètì!"
Mo ń mirí bí adití.

Ní Kétu, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì,
tíṣà so egungun màlúù mọ́ mi lọ́rùn
nítorí mo pe omi ní omi.
Mo gbé e délé, mo gbé e sùn.
Ilẹ̀ mọ́, n kò padà.

Lánàá òjò dí ọ̀nà Láfẹ́nwá.
Ó ku èmi àti Ṣọlápé,
tó ń wá orúkọ odò nínú ìwé rẹ̀,
tó ń họ orí.
"La rìfíẹ̀."
N kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

Ó wò mí títí.
"Bàbá, ta ló kọ́ yín?"

Mo fọwọ́ kan ọrùn mi.