Ẹ Má Bi Àpò

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń ta fómù ní Sábó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́.
Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí owó ṣe ń jáde,
ẹ má bi àpò.
Àpò kò mọ nǹkan kan.

Nígbà kajú, àwọn ará oko a wọ̀lú
pẹ̀lú owó tó ṣì ń rùn kajú lọ́wọ́ wọn.
Wọn a fi ìkúùkù tẹ fómù lẹ́ẹ̀mẹta, wọn a mi orí,
bí ẹni pé fómù yóò jẹ́wọ́.
Mo ti gbé méjì síwájú bàbá kan rí,
ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ọjọ́ kan náà,
ọ̀kan wà nínú ọ̀rá, ọ̀kan wà ní gbangba.
Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lé ti inú ọ̀rá.
Òun ló gbé.
"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á," bàbá náà wí,
ó sì sanwó bí ẹni tó fi ọgbọ́n borí mi.

Akínlàbí ní tirẹ̀ fẹ́ olódòdó wẹ́wẹ́,
irú èyí tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ rà.
Mo ní ó ti tán, aláwọ̀ aró wà, ó tilẹ̀ nípọn jù ú lọ.
Ó kọ̀ jálẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi sùn sórí ẹní
nítorí òdòdó tí aṣọ ibùsùn yóò bò mọ́lẹ̀.

Ènì ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń béèrè.
Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti bu ènì sínú iye owó:
ìrọ̀rí kékeré kan tí wọ́n ti san láìmọ̀.
Wọn a gbá a mọ́yà bí ọmọ tuntun.
Bí n kò bá fún wọn, wọn a kọjá sọ́dọ̀ Ọláníhún,
wọn a ní ahun ni mí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Oyèníran ló jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe,
lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀.
Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
"Ẹlẹ́ni kan ni mo fẹ́," ó wí. "Ẹlẹ́ni kan ti tó."
Ó ka owó rẹ̀ sórí tábìlì, ó pé géérégé.
Mo ti nawọ́ sí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́
kí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó bá a wá tó wúkọ́.
Ikọ́ lásán ni.
Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí owó.
"Wọn yóò ní mo ti lé e kúrò lórí ibùsùn,"
ara rẹ̀ ló sọ ọ́ fún, kì í ṣe èmi.

Mo mọ gbólóhùn tí ọlọ́jà ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀.
"Ìyá, àwọn ọmọ ọmọ yín á máa wá sùn níbẹ̀."
Mo sọ ọ́.
Ẹ dákun, mo sọ ọ́.
Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, owó mìíràn jáde,
owó tí kì í ṣe ti fómù.
A de ẹlẹ́ni méjì mórí kẹ̀kẹ́ Márúwá,
ó ń mì lọ sí Ọjà Jagun
bí ẹni pé ẹnì kan dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo gbé ìrọ̀rí lọ sílé náà.
Ẹ̀gbẹ́ kan fómù ti tẹ̀ wọnú.
Ẹ̀gbẹ́ kejì ga, ó ń dán,
kò sẹ́ni tó fara kàn án rí.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo ra bàtà tí n kò nílò
nítorí ọmọ tó ń tà á pè mí ní Ọ̀gá.
Ó fi ìbọ̀sẹ̀ kan ṣe ènì fún mi.
Mo gbá a mọ́yà délé.