Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Ọ̀gá Ṣíjúwadé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá bírò yẹn dúró.
Èmi Àdùnbárìn, agbẹ̀bí Ẹ̀bùté-Mẹ́tta,
ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fọwọ́ gbọmọ.
Ẹ̀rọ tí ẹ rà lọ́dún tó kọjá, n kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Inú páálí ló ti jáde bí ìyàwó,
ó ń dán, ó ń ṣẹ́jú,
ó ní kí n tẹ orúkọ ọmọ kí òun tó gbà á wọlé.
Orúkọ wo?
Ọmọ tí kò tíì lo wákàtí kan láyé,
tí ìwọ́ rẹ̀ ṣì tutù lọ́wọ́ mi,
tí bàbá rẹ̀ ṣì ń bọ̀ láti Àpápá?
Mo fò ó, ó kọ̀.
Mo tẹ "kò tíì sí", ojú rẹ̀ pọ́n.
Obìnrin mìíràn ń rọbí lẹ́yìn mi,
ni mo bá tẹ Àlejò.

Báyìí la ṣe bí Àlejò mọ́kànlélógójì
láàárín oṣù kan ṣoṣo.
Ìyá kan gbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára padà wá:
"Nọ́ọ̀sì, ta ló bá mi sọmọ lórúkọ?"
Mo wolẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà gbọ́n. Mo gbà.
Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ilé wa yìí, ta ló wò ó?

Ẹ tún fẹ́ ra òmíràn. Owó ti wà nílẹ̀.
Ọmọbìnrin kan, Ṣẹ̀yẹ, wá lálẹ́ àná,
kò gbé ẹ̀rọ kankan dání,
bébà àti pẹ́ńsù ni.
Ó jókòó lórí àpótí títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ó wo bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ wa,
ó ka iye ìgbà tí iná lọ,
ó bi Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún tó ń nulẹ̀
níbo lomi máa ń gbà wọlé bí òjò bá dé.
Kò sẹ́ni tó bi í rí.
Ó ya igun mẹ́rin kan sórí bébà,
ó kọ "Ọmọ Ìyá" síbẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀.
"Mà, ẹ tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé ẹ̀rọ ni."
Mo tẹ bébà. Mo rẹ́rìn-ín.
Mo ní kó gbé e wálẹ̀ díẹ̀, apá ń dùn mí.
Ó fi ìrésà pa á rẹ́, ó tún un yà.

Èló ni ìrésà?

Ọ̀gá mi, ìwé tó wà níwájú yín yẹn,
àyè ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́ mẹ́jọ.