Bàtà Tí Kì Í Tẹlẹ̀

Ní Ẹ̀fọ̀n, ilẹ̀ kì í tẹ́jú fún ẹnikẹ́ni.
Ọsàn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà,
àdúgbò kejì lo ti máa lọ ṣà á.
Nítorí náà, òkúta mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ gbé
há ẹ̀yìn táyà kí n tó fọwọ́ kan jáàkì.

Mọ́rísì bàbá mi ni, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá.
Ọdún mọ́kàndínlógún lábẹ́ igi àgbálùmọ̀,
adìyẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn.
A ò lé e. Ẹyin rẹ̀ tóbi.

Ògúntúàṣé jókòó sórí àpótí, kò dìde.
"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ojú mi ṣì wà.
Ìwọ ṣe é, ọmọ Tíṣà. Èmi ó máa wò ọ́."
Mo tú nọ́ọ̀tì. Mo fi òòlù onírọ́bà
gbá dúróòmù lọ́tùn-ún, mo gbá a lósì.
"Má fìbínú lù ú. Ìpẹtà ló dì í mú, kì í ṣe ọ̀tá."
Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ lé mi lọ́wọ́
bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé lórí ààrò.

Eruku dúdú. Mo ti ṣu ẹnu jọ kí n fẹ́ ẹ dànù,
baba lọgun: "Dákun! Dákun!
Fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, fi àkísà nù ún.
Ogójì ọdún lèmi fi ń fẹ́ ẹ.
Wá gbọ́ àyà mi."
Mo gbọ́ ọ. Ó ń dún bí ayùn nínú igi tútù.

Bàtà méjì rèé, wọ́n kọjú síra
bí àkámọ́ tí Bàbá fi ń ká àṣìṣe mi mọ́
pẹ̀lú gègé pupa.
Bàtà tí kì í tẹlẹ̀,
síbẹ̀ ìrìnàjò ló jẹ ẹ́ tán.
Ojú wọn ṣú, ó ń yọ̀.
Lára àwo ẹ̀yìn, gíríìsì tó ti gan bí ọ̀dà,
àti nínú rẹ̀, kedere, àmì àtàǹpàkò kan.

Bàbá kórìíra ariwo.
Ilẹ̀kùn han, epo. Géètì han, epo.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, epo, títí aṣọ funfun fi kọ̀ ọ́.
Nígbà tí bíréékì bẹ̀rẹ̀ sí í han
tí àwọn ọmọ iléèwé ń sín in jẹ lẹ́yìn ògiri,
kò pe ẹnikẹ́ni.
Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ náà dákẹ́ lóòótọ́:
ó dákẹ́ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì,
ó dákẹ́ wọ inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ Adéọ̀sun.
Bàbá jáde, fìlà rẹ̀ ò yẹ̀.
Ó san owó ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ méje,
kò sì mẹ́nu bà á mọ́ títí tó fi kú.

"O mọ̀?" Ògúntúàṣé wo ilẹ̀.
"Mo mọ̀. Èmi ni mo wọ́ ọkọ̀ náà wálé."
Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàtà yìí ti mu òróró.
Sáńpépà ò lè gbà á là. Tuntun ló kù."

Ó ṣí agolo mílíìkì: gíríìsì aláwọ̀ bàbà.
"Ìwọ̀n ẹyọ ọkà bàbà, má jù bẹ́ẹ̀.
Ibi tí irin ti ń ha irin, ojú mẹ́fà,
ẹnu ìdè tí a fi ń fún un, òpó bíréékì ọwọ́.
Ojú bàtà ńkọ́? Lọ fọ ọwọ́ rẹ ná.
Ohun tó yẹ kó yọ̀ ló ń jẹ́ kí ohun tó yẹ kó dúró lè dúró.
Bàbá rẹ mọ ìṣirò. Kò mọ èyí."

Mo fún un títí táyà fi kọ̀, mo dá a padà: kẹ́, kẹ́.
Àmì àtàǹpàkò náà nìkan ni mi ò nù.

Ní ìrọ̀lẹ́, a kó òkúta kúrò.
Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sí ìsàlẹ̀,
adìyẹ ń pariwo lẹ́yìn,
mo tẹ ẹ́.
Ó han díẹ̀.
Mo jẹ́ kó han.