Ojú Ìwé Kẹtàdínlógún

Wọ́n ní kí n wá sọ ìtàn Ẹgbẹ́ Ìtọ́jú Ilé fáwọn ọmọ,
ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa n'Ígbẹ̀in.
Mo bá tú àpótí, mo yọ ìwé ìpàdé jáde.
Ikán ti jẹ etí rẹ̀. Òróró ti mu ojú ìwé kejì,
òróró àkàrà ọjọ́ kìíní; mo mọ̀ ọ́n,
torí èmi ni mo gbé àwo lé e.

Ọmọbìnrin mọ́kànlá la jẹ́,
ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan, ọlọ́wọ́,
sítóòfù kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó lásìkò ọyẹ́.
Mísìsì Ṣóbándé kọ ọ́ sójú pátákó:
"Ẹni tí ò lè tọ́jú ìkòkò, kí ló fẹ́ fi ìlú ṣe?"
A rẹ́rìn-ín. A rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò ló ń sọ.

A dìbò sínú agolo mílíìkì.
Ẹfúnwùmí Ṣóẹtan wọlé pẹ̀lú ìbò mẹ́fà,
ọmọ Ìtòkò, gbọ̀ọ̀rọ̀, tí kì í pariwo.
Wọ́n fi mí ṣe akápò torí mo mọ ìṣirò.
Ìbò mẹ́sàn-án lèmi ní; mo gbéra ga díẹ̀.

A kọ́ bí a ṣe ń lẹ aṣọ tó ya
títí ojú kò fi ní mọ ibi tó ti ya.
A kọ́ bí a ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láì fọwọ́ bo ẹnu,
ká sọ pé, "Alága, mi ò gbà,"
ká sì tún jókòó jẹun pọ̀.
A ta ṣinṣín ní Láfẹ́ńwá
lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin bá ti Èkó dé.

Ojú ìwé kẹtàdínlógún rèé, ìkọ̀wé ọwọ́ mi:
"Ṣílè mẹ́ta dín nínú owó ṣinṣín.
Alága ní òun lòun ṣìrò.
Kí ó fọ ìkòkò títí sáà yóò fi parí."

Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀.

Ẹfúnwùmí kò ṣìrò.
Ìyá mi ń ṣàìsàn n'Ímẹ̀kọ, lọ́rì kò sì gbé ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́.
Ó bá mi nídìí agolo owó ní ìdájí,
ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ti wọ bàtà,
ó ní, "Ṣé ó máa gbé ọ dọ́hùn-ún?"
Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.
Lọ́jọ́ ìpàdé, ó ti dìde kí n tó dìde.
Sáà kan gbáko ló fi ń ha èéfín ìdí ìkòkò,
èmi ń kọ̀wé, gègé ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ìyókù ìtàn kò gùn.
Ogun dé, a hun súẹ́tà fáwọn sójà.
Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná.
Ọmọkùnrin kan, Akínsọlá, ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́;
wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí bọ́ǹsì rẹ̀ fi wú ju ti gbogbo wa lọ.
Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ti dógùn-ún.

Ẹfúnwùmí ti kú, n'Íbarà, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.
Nọ́ọ̀sì ni. Kò di ohunkóhun tí wọ́n ń kọ sára ògiri.

Lọ́la, bí wọ́n bá gbé makirofóònù lé mi lọ́wọ́,
mi ò mọ̀ bóyá màá ka ojú ìwé yẹn.
Mo ti fi náírà díẹ̀ sínú àpò ìwé.
Èló ni ṣílè mẹ́ta lónìí?
Èmi tí mo mọ ìṣirò.