Eyín Tí Kò Dún

Ní Mákùn, nílé Mìsísì Ṣónúgà ní Ṣágámù,
dùùrù kan wà tó fẹ̀yìn ti ògiri bí aboyún tó rẹ̀.
Eyín rẹ̀ ti pọ́n. Ikán ti tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wò,
bíríkì méjì ni wọ́n fi dípò.
Eruku símẹ́ńtì ń bà lé e láràárọ̀,
ẹ̀kọ́ kìíní sì nìyẹn: gba àkísà, nù ún,
láti òsì lọ sí ọ̀tún, má fo ọ̀kankan.
"Ẹni tí kò lè nu eyín, kò lè mú un sọ̀rọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, n kò gbọ́ ohùn.
Orí tábìlì ìjẹun ni mo ń tẹ̀.
Ó sọ ìka mi lórúkọ tuntun:
àtàǹpàkò ni oókan, ọmọńdinrín ni aárùn-ún,
ìka òrùka, ẹẹ́rin, ọ̀lẹ ni,
bí a bá pè é, àbúrò rẹ̀ ló ń jẹ́.

Bàbá mi ń ta gbànja fáwọn ará Sábó.
Ó bi mí lálẹ́: "Kí lo kọ́ lónìí?"
Mo ní, "Tábìlì."
Ó wo màmá mi. Màmá mi wo àwo ọbẹ̀.

Ọwọ́ mi ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n sá.
Mìsísì ní kí n mú obì kan wá nínú agbọ̀n bàbá mi,
gbànja pupa, tó tutù bí òkúta inú odò Ìbú.
Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó ká ìka mi lé e, ó dojú ọwọ́ náà bolẹ̀.
"Báyìí. Má fún un. Má jẹ́ kó bọ́.
Ilé ni ọwọ́, òrùlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ wó."
Lọ́jọ́ tí obì bọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá,
ó ṣà á, ó pa á, ó fún mi ní awẹ́ kan,
ó jẹ awẹ́ kejì. Ẹ̀kọ́ parí.

Dò, rè, mí,
àtàǹpàkò gba abẹ́ ìka àárín kọjá
bí ọmọ tó ń yọ́ gba abẹ́ okùn aṣọ,
fà.
Fà kò dún.
Mo tún un tẹ̀. Igi lásán, kò.
Mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́, òógùn bò mí.
Ó rẹ́rìn-ín. "Láti ọdún tí ọkọ mi ti kú ni.
Ẹni tó lè tún un ṣe wà l'Ékòó, owó rẹ̀ wà lókè ọ̀run.
Èyí tí kò bá dún, ẹnu rẹ ni kó dún un."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Ọdún mẹ́rin.
Ọwọ́ òsì bí arúgbó tó ń gun àkàsọ̀,
ọ̀tún ti sáré lọ;
á fi pẹ́ńsùlù lu igi: "Ẹ dúró de ara yín!
Ṣé ìyá kan náà kọ́ ló bí yín ni?"
Mo tẹ̀, mo kọ, mo tẹ̀, mo kọ,
fà kan ṣoṣo lọ́fun mi.
Fẹ́hìntọlá, tó ń dúró de àsìkò tirẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì,
a máa ní: "Àkùkọ Ọmọ Olóbì ti kọ o."

Nígbà tó yá, gbọ̀ngàn kan n'Ìjẹ̀bú-Òde,
dùùrù dúdú, tó ń dán, mo rí ojú mi nínú rẹ̀,
adánniwò kan jókòó pẹ̀lú bírò.
Dò, rè, mí. Mo dé fà.
Ó dún.
Ọwọ́ mi sá sẹ́yìn bí ẹni tẹ ejò mọ́lẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹnu mi ti kọ ọ́ ná.
Fà méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú yàrá náà,
tèmi fi díẹ̀ relẹ̀.
Dùùrù Mákùn ti ń rẹlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́,
a kò mọ̀, mo ti bá a rẹlẹ̀.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ta ló kọ́ ẹ?"
N kò tíì dáhùn.
Mo ń gbọ́ ibi tí ohùn méjèèjì ti yà síra,
àlàfo kékeré kan,
kò ju awẹ́ obì lọ.