Ìparí Nìkan Ni Mo Mọ̀

Èmi ni mo ń gbá gúgúrú ní ilé sinimá
tó kẹ̀yìn sí adágún ńlá, ní Duluth,
níbi tí yìnyín ti ń bọ́ láti oṣù kọkànlá
tí kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó tó.

L'Ọ́jọ́rú ni wọ́n gbé Ẹ̀ṣọ́ Èbúté padà dé.
Òun náà kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun mọ́.
Ìborùn rẹ̀ tó máa ń dán bí pupa ẹyin,
wọ́n ti rì í sínú èédú.
Wọ́n já a lẹ́nu ẹ̀rín
bí ẹní já ọmọ lẹ́nu ọmú.
Kódà, òṣùpá inú fíìmù náà ń wúkọ́.

Alẹ́ Sátidé. Iná tàn, ẹnu là.
Dale Skoglund ló kọ́kọ́ yanu,
ó ń fa síìpù kóòtù rẹ̀ bí ẹni ń fa ìjà:
"Wákàtí méjì ààbọ̀! Mi ò rí ojú ẹnìkan!
Ṣé owó iná ni wọn ò rí san ni,
àbí inú ìkòkò tí wọ́n dé ni wọ́n ti yà á?
Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin yìí a fò,
a sì ṣẹ́jú sí wa. Ó mọ̀ pé a wà níbẹ̀."
Ìyàwó rẹ̀ ní kó rọra. Ó rọra,
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti rọra.

Tansy Bellanger, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
tó gbé ẹsẹ̀ lé àga iwájú
(mo ti sọ fún un títí, ó ti sú mi),
ní, "Ẹ̀yin fẹ́ kó máa ṣẹ́jú.
Ta ló ń ṣẹ́jú nínú ìlú tó ń jó?
Ti àtijọ́ yẹn, ọ̀dà lásán ni.
Èyí ní eegun. Ó ṣẹ́, mo gbọ́ ọ."

Ẹnìkan ní orin inú rẹ̀ ti pọ̀ jù,
bí ìgbà tí wọ́n ń fi agolo ha ògiri.
Ẹlòmíràn ní orin yẹn gan-an ló dùn.
Ẹnìkan sùn. Òun ló yìn ín jù lọ.

Ìjà gidi wà lórí afárá, ní ìparí,
níbi tí Ẹ̀ṣọ́ Èbúté ti pẹ́ dé,
tí ọkọ̀ pupa náà ti rì,
tó dúró létí omi, tí ọwọ́ rẹ̀ ń kán tótó.
"Mi ò san dọ́là mẹ́rìnlá," ni Dale wí,
"láti wo ẹni tó pẹ́ dé. Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe."

Nígbà náà ni Lorna Haapala sọ̀rọ̀,
nọ́ọ̀sì alẹ́, bàtà iṣẹ́ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Kò gbé ohùn sókè. Ó ní,
"A máa ń pẹ́ dé nígbà míì.
A ó sáré, a ó sáré, a ó bá ibùsùn tó ti dákẹ́.
A ó fọ ọwọ́, a ó lọ sí yàrá kejì.
Mi ò tíì rí ẹni tó fi èyí sínú sinimá."
Ó ronú díẹ̀.
"Síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n wò ó
kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

Dale wo ilẹ̀. Kò gbà, kò sì jiyàn.
Ó ní iyọ̀ gúgúrú náà ti pọ̀ jù.
Ìyẹn nìkan ni gbogbo wọn fẹnu kò lé.

Wọ́n jáde. Mo mú ìgbálẹ̀.
Lábẹ́ àga kan ni mo ti rí ìborùn yẹ́lò,
aṣọ ibùsùn tí ẹnìkan fi àlùmọ́gàjí gé.
Kí n tó gbé e dé káńtà, ọmọ náà ti padà dé,
imú rẹ̀ pọ́n, bàbá rẹ̀ ń fun fèrè mọ́tò níta.
Mo bi í pé, "Ṣé ó dára?"
Ó ní, "Òtútù ló ń mú un.
Wọn ò fún un ní aṣọ gidi."
Ó so tirẹ̀ lé orí kóòtù, ó wọ inú yìnyín lọ.
Kò fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ìdí mọ́tò.

Ẹ má bi mí níbi tí mo dúró sí.
Iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n rí ìbẹ̀rẹ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn ni mo máa ń bá,
ìgbà mọ́kànlá rèé láti Ọjọ́rú,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tèmi tìgbálẹ̀,
ìgbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni mo sì ń rò ó
pé lálẹ́ òní, bóyá,
ó lè yá ẹsẹ̀ díẹ̀.