Ohun tí Mo Kọ nípa Ọ̀pẹ

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́wàá. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n.
Mo gun bẹ́ǹṣì, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri,
nítorí ẹnu kóòṣì iléèwé
máa ń fi ínṣì méjì kún ọmọ tó bá fẹ́ tà.

Adémúyìíwá Fámúrewá, ọmọ Ìjọ̀ka,
ọdún kẹta ní yunifásítì nílùú Iléṣà.
Ọ̀pẹ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.
Kíláàbù kan l'Ékòó ló fún mi lówó mọ́tò:
kí n wá wò ó, bóyá ó tó ẹni tí à ń sanwó fún.

Mo jókòó. Rárá, mo lóṣòó ni,
létí ìlà funfun, bí bàbá tó bí bàbá mi
ṣe máa ń lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
aṣọ ti tà, owó kò tíì wọlé, kò ní í dìde.
Òṣómàáló ni. Orúnkún tó fi jogún fún mi,
dókítà ti ṣí i lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ni mo rí?
Apá tó gùn bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já kòkó orí igi.
Àwọn yòókù ń fò; òun dúró,
ó na ọwọ́, ó gba bọ́ọ̀lù lókè
wẹ́rẹ́, bí ẹni ṣí fìlà lórí ọmọdé.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù,
ẹni tó ti mọ ibi tí òjò yóò rọ̀ sí
kò nílò eré sísá.
Ó mọ bí a ṣe ń fi ìdí gba ààyè:
ó ń ti ọmọ Àkúrẹ́ kan díẹ̀díẹ̀
títí ọmọ náà fi bá ara rẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n
bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì.
Fírí-tró: mẹ́ta nínú mẹ́jọ.
Mo kọ ọ́, mo fa ìlà sí i nídìí.

Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀.
Kí ló dé tó fi ń yí gbogbo ọrùn
bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì?
Lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Lẹ́ẹ̀mejì, mo dákẹ́.
Nígbà kẹta bọ́ọ̀lù gbá a létí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín,
òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló pẹ́ jù.

Eré parí. Mo ra ọsàn méjì lẹ́nu géètì,
mo ju ọ̀kan sí i láti apá òsì.
Ọsàn kọjá lára èjìká rẹ̀, ó bọ́ sí gọ́tà.
Kò wo gọ́tà. Èmi ni ó wò.
"Màmá, igi tí bàbá mi ń là ló ta sí i.
Ọmọ ọdún méje ni mí. Wẹ́sílì ti ṣe tiwọn.
Kóòṣì kò mọ̀."
Ó wọ inú gọ́tà, ó mú ọsàn náà, ó nù ún.

Wọ́n ní bàbá àgbà kì í dárúkọ owó
láìtú aṣọ délẹ̀, láìfi ibi tó ya han oníbàárà.
Bóyá òótọ́ ni. Ẹbí ló sọ ọ́.
Ṣùgbọ́n aṣọ kì í pe ènìyàn ní màmá.

Fọ́ọ̀mù wà lórí orúnkún mi nínú mọ́tò.
Gíga: mo kọ ọ́. Ìwọ̀n: mo kọ ọ́.
Ọwọ́: ó rọ̀, ó sì gbọ́ràn.
Ojú: mo fò ó.
Nísàlẹ̀, níbi ìmọ̀ràn, mo kọ pé,
"Ẹ máa fi í sí apá òsì agbọ̀n,
kí bọ́ọ̀lù máa bá a láti ọwọ́ ọ̀tún."
Ẹni tó bá mọ eré yóò béèrè ìdí.
Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni mo ń bẹ̀rù.

Ní Òṣú, dẹ́rẹ́bà yà ra epo.
Mo tún ṣí bírò.
Ààyè Ojú ṣì wà bẹ́ẹ̀,
funfun báláú.